Ta Ni Ó Sùn Síbẹ̀? Ìwádìí Lórí Àwọn Ojú Oórì Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Òkè-Ògùn

Ní ìpàdé kan tí ẹgbẹ́ wa ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, ìròyìn kan wọlé tí ó mú inú gbogbo wa dùn. Ọdẹ kan tí ó ń tọ ipasẹ̀ ẹran lẹ́yìn tí iná ti jó ìgbẹ́ tán ti rí àwọn òkúta tí ènìyàn fi ọwọ́ tò yí ilẹ̀ kan ká, ní ìtòsí àhoro wa tí ó wà ní apá ọ̀nà Ìgbòho láti Ṣakí. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ilé ti gbà pé ojú oórì baba ńlá wa tí ó tẹ ìlú dó ni. Wọ́n dá owó sìmẹ́ǹtì. Wọ́n yan àwọn tí yóò mọ ọ́n. Àwa olùkọ́ ni wọ́n sì ní kí a kọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fín sí ara rẹ̀: orúkọ, oríkì, àti ọdún.

A dúpẹ́ fún ọlá tí wọ́n bù fún wa, ṣùgbọ́n títí di òní a kò tíì kọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ń bínú, wọ́n ní ìwé àkàjù ni ó ń dà wá láàmú. Ìdí nìyí tí a fi tọrọ àyè nínú ìwé ọdọọdún yìí, kí tọmọdé tàgbà ìlú wa lè mọ ohun tí ó dá wa dúró, àti ohun tí a ti rí láti ìgbà náà.

Kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan yé ara wa. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, kì í ṣe gbogbo ibi tí a sin òkú sí ni ojú oórì. Ibojì lè wà nínú igbó láìní ẹni kan tí ó mọ̀ ọ́n. Àwọn Mùsùlùmí a máa pè é ní sàréè, ìjọ Kristi a sì máa ní itẹ́ òkú tí wọ́n sọ ọgbà yí ká. Ṣùgbọ́n ojú oórì jẹ́ ibi tí ọmọ ń lọ, tí ó ń bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí ọmọ tí ó mọ ọ̀nà ibẹ̀, ibojì lásán ni. Nítorí náà, ọdẹ wa rí ibojì. Bóyá ojú oórì ni, ti ta sì ni, òun kọ́ ni yóò sọ fún wa.

Ní ayé àtijọ́, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbàlagbà sí. Nínú yàrá rẹ̀ tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀, wọn a tún ilẹ̀ náà rẹ́, àwọn ọmọ a sì máa gbé inú ilé náà lọ. Wọn kò kọ orúkọ sí òkúta, nítorí ta ni ó ń wá àkọlé kí ó tó mọ baba rẹ̀ nínú ilé baba rẹ̀? Ilé gan-an ni àkọlé. Ṣùgbọ́n bí ogun bá dé, tí ìlú bá tú, òrùlé a jó, òjò a pa ògiri, ilé a di àlàpà, àlàpà a di òkìtì, koríko a sì bo òkìtì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìran mẹ́ta, màlúù ni yóò máa jẹko lórí baba ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ilẹ̀ wa ti rí ìtúká púpọ̀. Aláàfin Olúewu kú nínú ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, Ọ̀yọ́-Ilé sì tú ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837. Àtìbà kó ìjọba lọ sí Àgọ́-Ọjà, tí ó di Ọ̀yọ́ òní, àwọn ìlú tí ó yí Ọ̀yọ́-Ilé ká sì fọ́n káàkiri. Ogun nìkan kọ́ sì ni ó ń sọ ìlú di àhoro. Ẹ wo Òkèhò. Orí òkè ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1916 àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ètò ìjọba tuntun tí àwọn Òyìnbó gbé kalẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀, àwọn ará Òkèhò kó sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí ìlú wọn wà nísinsìnyí, ní ọdún 1917. Wọ́n ru ìkòkò, wọ́n ru òrìṣà, wọ́n lé ewúrẹ́ ṣáájú. Kò sí ẹni tí ó lè di baba rẹ̀ ní ẹrù. Ẹnìkan ṣoṣo tí a gbọ́ pé wọ́n dì bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Aláàfin Òfinràn, a ó sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ti àwọn Aláàfin yàtọ̀ sí ti ará ìlú. Wọn kì í sin wọ́n sí ààfin. Bàrà ni wọ́n ń sin wọ́n sí. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ròyìn ìsìnkú náà: òru ni wọ́n ń gbé ọba lọ, ibi mọ́kànlá ni wọ́n ti ń dúró lójú ọ̀nà, ní ibùdó kọ̀ọ̀kan wọn a sì pa ènìyàn kan àti àgbò kan. Ẹ̀rù irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bà wá bí a ti ń kà á, a kò sì ní fi ara pamọ́ pé inú wa dùn pé ó ti di ìtàn. Ìyámọdẹ ni ó ń gbé Bàrà tí ó ń tọ́jú àwọn ọba tí ó ti wàjà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin, Aláàfin fúnra rẹ̀ a máa pè é ní Baba. Ẹ ṣe àkíyèsí èyí dáadáa: ìjọba tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kò fi ibojì ọba sílẹ̀ fún òkúta láti máa ṣọ́. Ènìyàn ni wọ́n fi síbẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ. Igbó gba Bàrà, ó gba ààfin, ó gba ọjà. Ìjọba sọ agbègbè náà di igbó àìdá ní apá méjì, ọ̀kan ní 1936, èkejì ní 1941. Ní 1952 wọ́n sọ ọ́ di ibi ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́, ní 1991 ó sì di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti lọ síbẹ̀. Frank Willett wá ní 1956 sí 1957, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn mìíràn wá láti wọn àwọn odi rẹ̀, Babatunde Agbaje-Williams ti Yunifásítì Ìbàdàn sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. A bọlá fún wọn. Wọ́n lè fi odi hàn wá, wọ́n lè fi àpáàdì mọ iye ọdún. Ṣùgbọ́n àpáàdì kò lè dárúkọ ẹni tí ó sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Ìgbòho, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa gbé dùn jù.

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ogun Tápà lé Aláàfin Onígbogí kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ó sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Òfinràn ọmọ rẹ̀ kó àwọn ènìyàn bọ̀ dé Kúsù, ṣùgbọ́n kò fi ojú rí ilé. Johnson kọ ọ́ pé awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n fi di òkú rẹ̀, kí wọ́n lè gbé e lọ sí Bàrà ní Ọ̀yọ́-Ilé. Òkú náà kò dé ibẹ̀. Ìgbòho ni wọ́n sin ín sí, Eguguojú ọmọ rẹ̀ sì sọ Ìgbòho di olú-ìlú.

Ọba mẹ́rin ni ó jọba ní Ìgbòho: Eguguojú, Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀, Ajíbóyèdé, àti Abípa. Ọba mẹ́rin náà ni ó sùn ní Igbó Ọba, ní Ìgbòho. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ni ó rò pé mẹ́rin ti ìṣáájú ni mẹ́rin ti ìkẹyìn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Abípa kò sùn ní Ìgbòho. Òun ni ó kó ìjọba padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè tí Ìgbòho ti mọ́ lára kò fẹ́ lọ, wọ́n sì rán àwọn ènìyàn lọ sí àhoro Ọ̀yọ́-Ilé láti máa ṣe bí iwin lóru, kí ẹ̀rù lè ba àwọn tí ọba rán lọ wo ibẹ̀. Abípa fi àwọn ọdẹ ránṣẹ́, wọ́n sì mú àwọn iwin náà lọ́kọ̀ọ̀kan wá sílé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ̀rọ̀. Ẹni kẹrin tí ó wà ní Igbó Ọba ni Òfinràn, tí kò fi ọjọ́ kan jókòó lórí ìtẹ́ ní Ìgbòho, tí ó jẹ́ pé òkú rẹ̀ ni ó wọ ìlú. Bí a bá ka iye wọn nìkan, ó pé. Orúkọ ni kò bá ara mu.

Ọ̀ràn Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ tún lọ́jú pọ̀ ju èyí lọ. Johnson kọ ìtàn rẹ̀ bí ìtàn ọkùnrin, ó ní arákùnrin Eguguojú ni. Nígbà tí Robert Smith ṣe ìwádìí lórí ìgbà Ìgbòho, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1965, ohun tí ó gbọ́ ni pé obìnrin ni Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀, arábìnrin Eguguojú, tí ó gorí oyè tí ó sì jagun bí ọkùnrin. Àwa gbà pé ẹnu àwọn tí ó wà nítòsí ibojì ni kí a gbọ́ ṣáájú, ṣùgbọ́n a kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. A mọ igbó tí ó sùn sí, a mọ orúkọ rẹ̀, a mọ̀ pé ọba ni. Síbẹ̀ a kò tíì fohùn ṣọ̀kan bóyá baba ni tàbí ìyá. Ẹ wá wo ẹni tí ó fẹ́ kọ orúkọ sí ibojì tí kò sí ẹni kan tí ó mọ̀ ọ́n!

Kí ni ó pa ìrántí Igbó Ọba mọ́ láti nǹkan bí irínwó ọdún? Ìlú Ìgbòho kò tú tán. Nígbà tí ọba lọ, ènìyàn ṣẹ́kù, Alépàtà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tí àwọn Lander, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, kọjá níbẹ̀ ní 1830, wọ́n rí odi ńlá rẹ̀ onípele mẹ́ta, wọ́n sì gbọ́ pé olú-ìlú ni í ṣe nígbà kan rí. Orúkọ igbó náà fúnra rẹ̀ tún ń ṣe iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ kọjá níbẹ̀ yóò pe orúkọ náà, yóò sì béèrè ọba wo.

Ẹ fi èyí wé ti àwọn Òyìnbó tí ó gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Ní òpin oṣù December 1825, Captain Pearce àti Dókítà Morrison, tí wọ́n bá Clapperton rìn láti Badagry, kú lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Clapperton sin Pearce, ó ní kí wọ́n fi igi sọgbà yí ibojì rẹ̀ ká, kí wọ́n sì kọ́ àtíbàbà lé e, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí pátákó tí wọ́n rì mọ́ ibi orí rẹ̀. Òun tìkára rẹ̀ wá gba Ṣakí kọjá ní January 1826, ó sì wọ Ọ̀yọ́-Ilé ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Lára gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, èyí tí ó wà nínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ ni a ń kà lónìí. Pátákó kò bá ikán ilẹ̀ wa ṣe ọ̀rẹ́.

Báwo wá ni a ṣe ń dá ibojì àtijọ́ mọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa? Ìgbà tí iná ìgbẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ni ó dára jù, kí òjò tó rọ̀, nítorí ojú ilẹ̀ a ṣí sílẹ̀ gbangba. Igi ni kí a kọ́kọ́ wò. Osè ńláńlá tí ó pọ̀ níbì kan ṣoṣo kì í sábà ṣe lásán. Ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Pèrègún kì í dá hù ní ìlà, ọwọ́ ni ó gbìn ín, bóyá fún ojúbọ, bóyá fún ààlà, bóyá fún orí ibojì. Lẹ́yìn igi ni òkìtì àlàpà, àpáàdì, ìdàrọ́ níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń yọ́ irin, àti ojú àpáta tí ó jin kòtò nítorí ọdún púpọ̀ tí àwọn ìyá wa fi lọ nǹkan lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí gbogbo ìwọ̀nyí ti rí ilé. Inú ilé ni kí ó sì wá àgbà sí.

Ibojì tí ó dá wà nínú igbó, tí kò sí àlàpà nítòsí rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ẹni tí Ṣọ̀pọ̀ná bá pa, wọn kì í sin ín sílé; àwọn olórìṣà ni ó ń gbé e lọ sí igbó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí àrá pa, àti aboyún tí ó kú pẹ̀lú oyún. Àwọn oníṣòwò tí àìsàn mú lójú ọ̀nà tún wà, àti àwọn tí ogun ká mọ́ ìgbẹ́. A kò gbọdọ̀ rí òkúta mẹ́fà lórí ilẹ̀ kí a sì pariwo pé baba ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a lọ sí ibi tí ọdẹ wa rí, pẹ̀lú rẹ̀ àti àwọn àgbà méjì láti agbolé wa. Òkúta náà tò dáadáa, gígùn wọn tó ènìyàn gíga kan, láti àríwá lọ sí gúúsù. Kò sí àlàpà nítòsí, kò sí osè, kò sí pèrègún. Àhoro wa gan-an wà ní òdìkejì odò. Ní ẹ̀bá ibojì náà ni ojú ọ̀nà àtijọ́ kan gbà, tí ẹsẹ̀ ènìyàn àti ti ẹran ti tẹ̀ títí ó fi jin bí kòtò, òkúta ààrò mẹ́ta tí iná ti sọ di dúdú sì wà létí rẹ̀. Nígbà tí a rí èyí, ọkàn wa kò balẹ̀ mọ́. Gbogbo ìtàn agbolé wa ni ó sọ pé inú ilé ni wọ́n sin baba ńlá wa sí, kò sì sí ọ̀kan tí ó sọ pé Mùsùlùmí ni. Àwọn Mùsùlùmí ni ó sì ń tẹ́ òkú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ojú rẹ̀ lè kọ sí kíbúlà. Ní ilẹ̀ wa, bí ibojì náà ti dúbúlẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ibojì wọn ń dúbúlẹ̀.

Ohun kan tún wà tí a kò lè fi pamọ́. Ibi tí òkúta náà wà kò jìnnà sí ààlà tí àwa àti agbolé kan ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́. Láti ìgbà tí kajú ti di owó, katakátá kò sinmi lápá ibẹ̀. Níwájú adájọ́, ojú oórì jẹ́ ẹ̀rí ńlá fún ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ baba òun ni. Bí a bá mọ sìmẹ́ǹtì lé e, tí a sì kọ orúkọ baba wa sí i, ní ogún ọdún sí i ọmọ wa kan yóò gbé àwòrán rẹ̀ lọ sí kóòtù, yóò sì búra lé e láìmọ̀ pé tíṣà kan ni ó jókòó nínú yàrá tí ó kọ ọ́. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa ní èrò búburú. A sọ pé ọwọ́ wa ni ìkọ̀wé náà yóò ti jáde.

Bí ọ̀rọ̀ ti wà nìyí tí ìyá àgbà kan láti agbolé mìíràn fi ránṣẹ́ pè wá. Ó ti gbọ́ pé a ń wádìí. Kí a tó sọ ohun tí a rí fún un, òun ni ó kọ́kọ́ sọ ti ẹnu rẹ̀. Ó ní àbúrò baba baba òun, Mùsùlùmí tí ó ń ru obì lọ sí òkè Hausa, ṣàìsàn nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ó sì kú nígbà tí ó ku ìrìn ọjọ́ kan kí wọ́n délé. Àwọn tí wọ́n jọ ń rìn sin ín sí ibi tí wọ́n sùn, létí odò. Nígbà tí òun wà ní ọmọdé, baba òun a máa dúró níbẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ sí oko, a gbàdúrà, a sì gbé òkúta kan tí ó bá ti yẹ̀ padà sí àyè rẹ̀. Ó dárúkọ òkúta ààrò mẹ́ta. Ó dárúkọ bí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Ó dárúkọ igi àjàgbọn kan tí ó ṣíji bo ibẹ̀.

A padà lọ wò ó. Ààrò wà, kọ́rọ́ odò wà. Àjàgbọn kò sí mọ́, a kò sì rí kùkùté rẹ̀. Nítorí náà a lọ bá ẹbí rẹ̀ kan tí ó ń gbé Ìsẹ́yìn, tí wọn kò tíì ríra fún ọdún mélòó kan, a sì bi í léèrè láìsọ ohun tí ìyá náà sọ. Orúkọ ọkùnrin kan náà ni ó dá, odò kan náà ni ó sì sọ. Fún àwa, ó tó. Bí ẹlòmíràn bá ní ti igi náà ṣì kù, kò purọ́.

Nígbà tí a sọ fún ìyá àgbà pé ẹgbẹ́ wa ní sìmẹ́ǹtì nílẹ̀, pé bóyá a lè fi ṣe ojú oórì náà ní ọ̀ṣọ́, kí a sì kọ orúkọ ẹni wọn sí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, ẹ ṣé o. Ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu wa. Koríko ni kí ẹ bá wa ro.” A sì bá wọn ro ó. Ìmáàmù gbàdúrà, àwọn ọmọ ọmọ tí kò dé ibẹ̀ rí gbé òkúta tí ó yẹ̀ padà sí àyè rẹ̀.

Owó sìmẹ́ǹtì ṣì wà lọ́wọ́ akápò. Ti baba ńlá wa ni ó kù, a kò sì tíì rí i. Ní òdìkejì odò, nínú àhoro gan-an, osè méje ni ó dúró, àlàpà tí a kà sì lé ní ogún. Ọ̀kan nínú wọn ni ilé rẹ̀. Katakátá ti dé ẹ̀gbẹ́ osè kejì. A ti bẹ ẹni tí ó ni oko kajú náà kí ó fi ibi tí àlàpà wà sílẹ̀ fún wa di ọdún tí ń bọ̀, ó sì gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìyá àgbà tàbí baba àgbà nílé, kí ó bi í léèrè: ilé ta ni ó kọjú sí ọjà ní àhoro, ilé ta ni ó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ta ni wọ́n sin sí yàrá wo? Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́, kí ó má tún un ṣe, kí ó sì fún akọ̀wé ẹgbẹ́. A fẹ́ rí i gbà kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, nítorí bí ilẹ̀ bá ti rọ̀, katakátá yóò tún jáde.